Kòkòrò kì í dáná: ohun tí hóró ẹ̀wà fi ń gbèjà ara rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti fún irè oko mìíràn

Ẹni tó bá ra ẹ̀wà pa mọ́ nígbà ìkórè, nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀, tí kò sì tú àpò náà títí ẹ̀wà fi tún gbówó lórí, mọ ohun tí ojú máa ń rí. Ìyẹ̀fun á ti kó sí ìdí àpò, hóró tó ń dán tẹ́lẹ̀ á ti lu roboto roboto, àwọn kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ á sì máa sáré kiri lórí rẹ̀ bí ẹni pé àwa la wá ká wọn mọ́lé. Bí a bá da irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ sínú omi, èyí tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán á léfòó, a ó fi ọwọ́ gbọ́n ọn dànù, a ó sì máa ṣírò owó tó ń bá omi lọ. Àdánù yìí ló mú kí àwọn kan máa fi oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà, oògùn náà ló sì mú ìfòfindè wá. Òun náà ló fà á tí etí gbogbo ènìyàn fi ń dìde bí ẹnì kan bá ní òun mọ ẹ̀wà tí kòkòrò kì í jẹ.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin wọn fàyè gbà lọ. Dichlorvos yìí náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ òtapiàpià tí a ń fọ́n sínú yàrá. Wọ́n fa ìfòfindè náà gùn ní ọdún 2016, wọ́n sì tún fà á gùn ní ọdún 2019. Ní ọdún 2019 kan náà, NAFDAC kà á léèwọ̀ láti máa ta dichlorvos inú ìgò kéékèèké fún aráàlú. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn náà ni NBMA, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, fọwọ́ sí ẹ̀wà tí àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, àti AATF, àjọ tó ń mú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tuntun dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà, jọ ṣe. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá, wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi SAMPEA 20-T. Ní ọdún 2021 ó dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀, àríyànjiyàn sì bá a dé, débi pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní kí wọ́n ṣe ìwádìí lórí irú irúgbìn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì dá fífọwọ́ sí àwọn tuntun dúró ná.

Nínú gbogbo ariwo yìí, ohun kan wà tí àwọn tó ń yìn ín àti àwọn tó ń bú u jọ ń ṣì sọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé SAMPEA 20-T ni ẹ̀wà tí kòkòrò inú àpò kò lè jẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kòkòrò tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ni Maruca vitrata, ìdin àfòpiná kan tó máa ń jẹ òdòdó ẹ̀wà tó sì máa ń lu èèpo tútù wọlé nígbà tí ẹ̀wà ṣì wà lóko. Jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú ara ohun abẹ̀mí tó ń sọ irú purotéènì tí yóò ṣe, tí wọ́n fi sí i wá láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ tí ń jẹ́ Bacillus thuringiensis, purotéènì tí jíìnì náà ń mú jáde sì jẹ́ májèlé fún ìdin àfòpiná. Kòkòrò inú àpò kì í ṣe ọmọ àfòpiná rárá. Callosobruchus maculatus ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀, ìbátan yímíyímí ni, purotéènì tó ń pa Maruca kò sì rí i gbé ṣe. Ẹ̀wà tó bọ́ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́ lóko lè bọ́ sọ́wọ́ ti èkejì nílé.

Ohun ìjà tó bá kòkòrò inú àpò mu, inú hóró fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá a, láti nǹkan bí ogójì ọdún ó lé sẹ́yìn. Ìtàn náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Kí n tó débẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ohun ìjà náà jẹ́. Hóró kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá, kò ní ẹ̀gún, oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un kí ó lè hù sì ni oúnjẹ tí gbogbo ẹnu ń wá. Ọ̀kan nínú ohun tí ọ̀pọ̀ hóró fi ń dáàbò bo oúnjẹ náà ni pé wọ́n ń kó àwọn purotéènì kan sáàárín rẹ̀ tó ń mú kí ó ṣòro láti dà nínú ikùn ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní tútù. Nínú ikùn gbogbo ohun tó ń jẹun, àwọn ẹ́ńsáìmù ló ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́: trypsin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gé purotéènì, amylase ń gé sítáàṣì di ṣúgà. Amylase wà nínú itọ́ ẹnu wa pàápàá, òun ló fà á tí búrẹ́dì fi máa ń dùn díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lẹ́nu tí kò tètè gbé e mì. Àwọn purotéènì inú hóró tí mò ń sọ yìí, tí n ó máa pè ní adènà, mọ ẹnu ẹ́ńsáìmù tí ń gé nǹkan. Wọ́n ní apá kan tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ibẹ̀, ẹ́ńsáìmù á rò pé oúnjẹ ni, á gbá a mú, kò ní lè gé e tán, kò sì ní lè tu ú dànù.

Ẹ jẹ́ kí a ro ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta há sí lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀rọ ń dún, epo ń jó, ata kò kúnná. Ti kòkòrò tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí bí ara rẹ̀ bá ti rí i pé oúnjẹ kò dà, ṣe ni yóò máa ṣe ẹ́ńsáìmù sí i, purotéènì sì ni wọ́n fi ń ṣe ẹ́ńsáìmù. Á wá máa ná ohun tí ì bá fi dàgbà sórí ohun tí kò ní jẹ́ kí ó dàgbà. Ìdí nìyí tí adènà kì í fi í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀ bíi májèlé. Ó ń fi ebi pa á nínú oúnjẹ ni.

Àwọn onímọ̀ ti ń rí àmì nǹkan yìí tipẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ní orúkọ. Ní ọdún 1917, Osborne àti Mendel ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé eku tí wọ́n ń fún ní sóyà tútù kò dàgbà dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá se sóyà náà, eku á dàgbà. Láàárín àwọn ọdún 1940, Kunitz yọ adènà trypsin jáde nínú sóyà ní mímọ́ gaara. Àwọn tó ń sin adìyẹ lọ́dọ̀ wa mọ apá tiwọn nínú ọ̀rọ̀ náà láìka ìwé kankan: wọn kì í da sóyà tútù sínú oúnjẹ adìyẹ, wọ́n á kọ́kọ́ yan án. Ṣùgbọ́n Green àti Ryan, ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Washington, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ní ọdún 1972 pé ohun ìjà ni nǹkan yìí ní tòótọ́, tí irúgbìn ń yọ bí ogun bá dé. Wọ́n fi hàn pé bí kòkòrò bá bu ewé tòmátì tàbí ti ànàmọ́ òyìnbó jẹ, láàárín wákàtí mélòó kan adènà á ti kún inú ewé náà, á sì kún inú àwọn ewé mìíràn tí kòkòrò kò tíì fẹnu kàn. Ewé kan gba ọgbẹ́, gbogbo igi gbọ́. Ó tó ọdún 1991 kí Ryan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí ìránṣẹ́ tó ń gbé ìròyìn náà láti ewé dé ewé, ẹ̀ka purotéènì bíńtín kan tí ègé rẹ̀ kò ju 18 lọ.

Hóró kì í dúró de ọgbẹ́ ní tirẹ̀. Láti orí igi ló ti ń di adènà tirẹ̀.

Ó di Ìbàdàn wàyí. Ilé ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ló ní àkójọ irúgbìn ẹ̀wà tó pọ̀ jù lọ ní àgbáyé, tó lé ní 15,000 oríṣi. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkòrò inú àpò ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi ẹ̀wà, kí wọ́n lè mọ èyí tí yóò dúró. Ọ̀kan ṣoṣo ló yọrí dáadáa nígbà náà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ TVu 2027. Kì í ṣe pé kòkòrò kò fi ẹnu kàn án. Obìnrin kòkòrò á wá lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ èèpo hóró gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ẹyin á pa, ìdin á lu èèpo wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú sínú ilé tí wọ́n wọ̀, àwọn tó bá sì yè á pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jáde.

Wọ́n fi hóró TVu 2027 ránṣẹ́ sí Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1979, Angharad Gatehouse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé adènà trypsin inú rẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ti ẹ̀wà mìíràn, àti pé bí wọ́n bá pò ó mọ́ oúnjẹ kòkòrò, kòkòrò ń kú. Àlàyé náà dùn, ó sì ṣe kedere: ẹ̀wà tó ní adènà púpọ̀ ni kòkòrò kò rí jẹ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé, bí ó bá jẹ́ purotéènì kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, jíìnì kan ṣoṣo ló yẹ kí ó ń ṣe é, a sì lè gbé jíìnì kan láti ara irúgbìn kan sí òmíràn. Ní ọdún 1987, Hilder, Boulter, Gatehouse àti àwọn mìíràn ní Durham gbé jíìnì adènà ẹ̀wà náà sínú tábà. Ìdin àfòpiná tó ń jẹ ewé tábà fẹnu kàn án, wọn kò sì gbèrú. Púpọ̀ nínú wọn kú. Ó wà lára àwọn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ohun ìjà irúgbìn kan fún irúgbìn mìíràn tí ó sì ṣiṣẹ́, jíìnì ẹ̀wà tiwa ni wọ́n sì fi ṣe é. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ó ṣe jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ló gbọ́ ọ rí.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 1989, Xavier-Filho àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil kó oríṣiríṣi ẹ̀wà jọ, wọ́n wọn adènà inú wọn, wọ́n sì wo bí kòkòrò ṣe ń jẹ wọ́n tó. Àwọn méjèèjì kò bára mu. Ẹ̀wà kan lè ní adènà tó pọ̀ kí kòkòrò sì máa jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ àkàrà, òmíràn lè ní díẹ̀ kí ó sì dúró. Kì í ṣe ìyàlẹ́nu pé Brazil ni irú ìbéèrè yìí ti wá, nítorí ẹ̀wà yìí kan náà ni oúnjẹ àwọn ará Àríwá Ìlà-oòrùn ilẹ̀ wọn, òun ni wọ́n sì ń lọ̀ fún acarajé ní Bahia, níbi tí àkàrà ti gba orúkọ mìíràn láìyí ohun tó jẹ́ padà.

Kí ló wá fà á? Inú ikùn kòkòrò ni ìdáhùn wà. Ikùn ìdin tó ń jẹ ewé tábà kò kan, trypsin àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ti kòkòrò inú àpò yàtọ̀: ikùn rẹ̀ kan díẹ̀, irú ẹ́ńsáìmù mìíràn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cysteine protease, ló sì gbójú lé jù lọ láti gé purotéènì. Adènà trypsin kò ní ibi tí yóò há sí nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, jíìnì tí wọ́n yọ lára ẹ̀wà nítorí kòkòrò ẹ̀wà wúlò fún tábà àwọn ẹlòmíràn, kò sì tó láti gba ẹ̀wà fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Brazil tún tẹ̀ síwájú láti wá ohun tó ń ṣe TVu 2027 ní tòótọ́, wọ́n sì tọ́ka sí vicilin, purotéènì tí hóró fi ń tọ́jú oúnjẹ pa mọ́. Irú èyí tó wà nínú àwọn ẹ̀wà tó ń dúró máa ń ṣòro fún ìdin láti gé, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun wọn.

Èmi kò ka èyí sí ìkùnà. Ohun tó burú ni pé ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń kọ fún aráàlú ṣì ń tún àlàyé ọdún 1979 sọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n á sì máa fi TVu 2027 ṣe àpẹẹrẹ ohun tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti pa tì.

Jíìnì náà kò sì wọ́lẹ̀. Orílẹ̀-èdè China gbé e sínú òwú pẹ̀lú jíìnì Bacillus thuringiensis, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fún títà láti ìparí àwọn ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. SGK321 ni orúkọ ọ̀kan nínú irú òwú bẹ́ẹ̀. Èrò wọn ni pé kòkòrò tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ohun ìjà kan yóò tún bá èkejì pàdé. Nínú àwọn méjèèjì, ti bakitéríà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí díẹ̀ bíńtín rẹ̀ ń pa ìdin, nígbà tí adènà gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú ewé kí ó tó já mọ́ nǹkan. Èyí wà lára ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ irúgbìn ńláńlá fi kọ ẹ̀yìn sí adènà tí wọ́n sì dojú kọ Bacillus thuringiensis.

Ìdí kejì ni pé kòkòrò kì í jókòó lásán. Ní ọdún 1995, Jongsma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wageningen, ilẹ̀ Netherlands, fún ìdin ní tábà tí wọ́n fi adènà ànàmọ́ òyìnbó sí. Ìdin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńsáìmù mìíràn tí adènà náà kò mọ bí a ti ń mú, wọ́n sì ń jẹun wọn lọ. Wọn kò dúró de ìran tó ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ìdin tó ń jẹun lọ́wọ́ ló pààrọ̀ ẹ̀rọ. Ìdí tí kò fi yẹ kí èyí yani lẹ́nu ni pé irúgbìn àti kòkòrò ti wà lórí ìjà yìí fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí àwa tó dé, ìdin tó bá sì ń jẹ oríṣiríṣi ewé ti bá oríṣiríṣi adènà pàdé rí.

Àwọn tó sún mọ́ ṣíṣe é láṣeyọrí jù lọ kò lọ sọ́dọ̀ trypsin. Amylase ni wọ́n lọ bá. Kòkòrò inú àpò ń jẹ hóró tó kún fún sítáàṣì, ó sì gbọ́dọ̀ gé sítáàṣì náà kí ó tó rí agbára. Inú ẹ̀wà òyìnbó pupa, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kidney beans, adènà amylase kan wà tó ń há sí ẹnu amylase kòkòrò inú àpò wa, àti ti ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ ewébẹ̀ pea, irú hóró tútù roboto tí a ń bù sínú ìrẹsì díndín. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ láti CSIRO, ilé ìwádìí ìjọba ní Australia, tí T. J. Higgins wà lára wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ti gbé jíìnì adènà náà sínú pea. Nígbà tí ó di ọdún 2000, wọ́n fi hàn pé lóko gidi, kì í ṣe nínú ilé àyẹ̀wò nìkan, kòkòrò pea kò rí hóró náà gbé ṣe mọ́. Ìdin á wọlé, á sì kú síbẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré tí kò tíì ba hóró jẹ́.

Ìṣẹ́gun tó pé nìyẹn. Ní ọdún 2005, wọ́n fún eku ní pea náà jẹ, ara àwọn eku kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá purotéènì náà jà bí ara ẹni tó ní àlẹ́jì. Àwọn onímọ̀ rí i pé purotéènì tí pea ṣe yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ẹ̀wà òyìnbó ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíìnì kan náà ni, nítorí irúgbìn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó ń gbà lẹ ṣúgà mọ́ ara purotéènì rẹ̀. CSIRO pa iṣẹ́ náà tì. Láti ìgbà náà, bí àwọn tó kórìíra GMO, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, bá ń ka ẹ̀sùn sílẹ̀, pea yìí kì í gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní ìparí tí wọn kì í kà. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ mìíràn ní Vienna tún un ṣe, wọ́n sì fún eku mìíràn ní pea tí kò sí jíìnì kankan nínú rẹ̀ àti ẹ̀wà lásán. Ara eku bá àwọn náà jà bákan náà. Kì í ṣe jíìnì tí wọ́n gbé wọlé nìkan ni ara eku náà ń kọ̀ nígbà náà. Mo rò pé ó tọ́ kí CSIRO dúró ní ọdún 2005 nítorí ohun tí wọ́n rí nígbà náà, mo sì rò pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa lo àbájáde ọdún 2005 lónìí láìmẹ́nu ba ti ọdún 2013.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí bí mo bá sọ̀rọ̀ yìí ni pé, ohun tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú kòkòrò, kí ló fẹ́ ṣe nínú ikùn ọmọ mi? Ìbéèrè náà dára, nítorí adènà ẹ̀wà òyìnbó kò mọ amylase kòkòrò yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ó lè dènà èyí tó ń jáde sínú ìfun wa pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń yọ ọ́ jáde nínú ẹ̀wà, wọ́n ń tà á bíi oògùn tí yóò jẹ́ kí ènìyàn jẹ búrẹ́dì láìsanra, títí FDA, tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe nílẹ̀ wa, fi ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1982.

Iná ni ìdáhùn. Purotéènì ni adènà, bí a bá sì se é nínú omi gbígbóná fún ìgbà tó tó, ìrísí rẹ̀ á dà rú, kò sì ní mọ ẹnu ẹ́ńsáìmù mọ́. Àwọn kan nínú wọn lágídí díẹ̀: adènà trypsin inú ẹ̀wà wà nínú ẹbí tí wọ́n ń pè ní Bowman-Birk, purotéènì kékeré tí okùn púpọ̀ so inú rẹ̀ pọ̀, ó sì lè fara da ooru ju ti Kunitz inú sóyà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń jẹ ẹ̀wà. A ń rẹ ẹ́ sómi, a ń bó èèpo rẹ̀, a ń lọ̀ ọ́, a ń dì í sínú ewé, a ń fi í sórí iná títí gbogbo ilé á fi máa béèrè pé mọ́ínmọ́ín kò tíì jinná ni. A kì í jẹ ẹ̀wà tútù. Kòkòrò ni kì í dáná. Ohun tó mú kí èrò adènà yàtọ̀ sí òtapiàpià nìyí: oògùn tí a fọ́n sí àpò lè bá ẹ̀wà dé inú ìkòkò kí ó sì bá a dé inú àwo, adènà ń parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú àpò, iná sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu wa. Ibi tó ti yẹ kí a ṣọ́ra ni oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, nítorí ẹ̀wà tí kòkòrò ti bàjẹ́ sábà máa ń lọ sọ́dọ̀ adìyẹ àti ewúrẹ́, wọn a sì máa jẹ ẹ́ ní tútù. Ọ̀rọ̀ àlẹ́jì náà kò sì ṣeé fi iná nìkan parí. A gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún irúgbìn kọ̀ọ̀kan, nítorí pea ti kọ́ wa pé jíìnì kan náà lè sọ̀rọ̀ ní ohùn mìíràn nínú ilé mìíràn.

Wọ́n ti gbé adènà amylase sínú ẹ̀wà tiwa náà. Àwọn onímọ̀ ní India kọ nípa èyí ní ọdún 2008, àwọn tó bá Higgins ṣiṣẹ́ náà ṣe tiwọn, hóró wọn sì dúró níwájú kòkòrò inú àpò nínú ilé àyẹ̀wò. Kò pa gbogbo ẹ̀yà kòkòrò hóró: ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà òyìnbó ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé adènà náà fúnra rẹ̀ jẹ, bí ẹni tó sọ ìdènà ẹnu ọ̀nà di igi ìdáná. Èrò tó wà nílẹ̀ ni pé bí ó bá tó àkókò, a lè so ti amylase pọ̀ mọ́ ti Maruca, kí ẹ̀wà kan ṣoṣo lè gbèjà ara rẹ̀ lóko àti nílé.

Àwọn àgbẹ̀ tó gbin SAMPEA 20-T kò lè dúró de ìyẹn. Ohun tó wà fún wọn báyìí ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, tí Larry Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Purdue bẹ̀rẹ̀ èrò rẹ̀ ní Cameroon ní ìparí àwọn ọdún 1980: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde, wọ́n á so ọ̀kọ̀ọ̀kan le dan-in dan-in, kòkòrò inú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, kò ní lè jẹun, kò ní lè pọ̀ sí i. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń da ẹ̀wà sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, tí wọ́n ń rọ ọ́ kún dé ẹnu kí wọ́n tó dé e pa, ń lo ọgbọ́n kan náà.

Ó yẹ kí wọ́n tètè so ó, nítorí kì í ṣe inú ilé ìtọ́jú ẹ̀wà ni kòkòrò yìí ti ń kọ́kọ́ wá. Bí èèpo ẹ̀wà bá ti ń gbẹ lórí igi, tí ó là díẹ̀, obìnrin kòkòrò tó fò wá á ti wọ́ lọ sórí hóró, á lẹ ẹyin kan mọ́ ọn, ẹyin funfun tí kò tó orí abẹ́rẹ́, á sì fò lọ sórí òmíràn. Àgbẹ̀ tó bá gbé hóró kan sójú oòrùn lè fi ojú lásán rí i.